Sí Ẹniọlá, Ẹni Orí Bébà

Ẹniọlá, àwa mẹ́ta la dá ọ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé
nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́,
tí jẹnẹrétọ̀ ń bú lójú fèrèsé.
Gbáyọ̀ fún ọ lọ́jọ́ orí: ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Tòmíwá fún ọ ní fóònù tí kò sán.
Èmi ni mo fún ọ lẹ́rìn-ín,
mo gé e nínú ìpolówó ọṣẹ ìfọyín.
A kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ pé o fẹ́ kí nǹkan yá,
pé ìka kan ṣoṣo lo fẹ́ fi tẹ fóònù
kí owó àjọ rẹ wọlé.
A lẹ̀ ọ́ mọ́ ògiri. A pàtẹ́wọ́.
O ò bá wa jiyàn rárá.
Ìyẹn ló yẹ kó fu wá lára.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ìwé àti bírò,
mo tẹ̀lé alájọ kan,
ẹ jẹ́ ká pè é ní Láníyọnu,
láti Arówómọlé títí dé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ kajú.
Káàdì igba ó lé mẹ́rìnlá ló wà nínú àpò kẹ̀kẹ́ rẹ̀;
kò wo orúkọ kó tó mọ ẹni tó ni ín.

Obìnrin kan jókòó sórí àpótí.
Mo ní, "Ẹ bá mi tẹ ìka yín síbí, mà."
Fóònù wò ó, fóònù kọ̀.
Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó tún tẹ̀ ẹ́.
Fóònù kọ̀.
Ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn mí:
oje èèpo kajú ti jẹ orí ìka rẹ̀ dán,
ó ń dán bí òkúta ìsàlẹ̀ odò,
kò sí ilà kan níbẹ̀ tí ẹ̀rọ lè kà.
"Ọdún kẹtàdínlógún rèé," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín.
"Báǹkì pàápàá ò dá mi mọ̀ mọ́.
Bàbá oníkẹ̀kẹ́ yìí nìkan ló kù."

Ẹniọlá, a ò rántí fún ọ níṣẹ́ tí í jẹ ìka.

Mo bi í bí òun yóò ṣe fẹ́ kí fóònù sọ pé owó ti wọlé:
ṣé kó dún ni, àbí kó kọrin?
Ó wẹ̀yìn wò. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.
"Kó má dún rárá.
Káàdì méjì ni mo ní.
Baba àwọn ọmọ mọ ọ̀kan.
Ìkejì, ti ọmọ mi obìnrin ni; agbẹ̀bí ló fẹ́ kọ́."
Láníyọnu tẹjú mọ́ táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀
bí ẹni tí kò gbọ́.
Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Mo ti kàwé lórí bí nǹkan ṣe ń rọ ènìyàn lọ́rùn,
n ò tíì rí ojú ewé tí wọ́n kọ irú àìgbọ́ yẹn sí.

Nígbà tí mo dìde, ó di bírò mi mú.
"O ti kọ orúkọ mi?"
Mo ti kọ ọ́.
"Pa á rẹ́."

Iná ti lọ nígbà tí mo padà dé.
O ṣì ń rẹ́rìn-ín lára ògiri nínú òkùnkùn.
Gbáyọ̀ ní ká fà ọ́ ya, ká lo ẹni gidi.
Mo ní rárá.
Mo yọ ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ.
Mo fi ọdún mẹ́rìnlélógún kún ọjọ́ orí rẹ.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀: ìka rẹ̀ kò nílà.
Káàdì méjì.
Kó má dún.
Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.
Àṣé ibi tó o ti wúlò nìyí,
ìwọ tí kì í ṣe ẹnì kankan:
kí ẹnì kan lè fi ọ́ bojú
kó wá jókòó sáàárín wa,
kí wọ́n má sì gbọ́ nílé.

Lára ìwé mi, níbi tó ti na ọwọ́ gba bírò,
àbàwọ́n dúdú kan wà.
Róbótó ni. Kò nílà.